Bí A Ṣe Jà fún Ọgọ́fà Láti Mowe Dé Ibafo

Nígbà tí mo ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ àwọn olówó bọ́ sọ́wọ́ àwa yòókù ni, kò sì ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ibi tí ẹ ti ń rí ilé alájà mẹ́ta-mẹ́ta lónìí láàrin Mowe àti Ibafo, igbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ará Èkó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ra ilẹ̀ síbẹ̀ ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ elérò, ẹ̀ka Mowe. Mo ń wa bọ́ọ̀sì tèmi bíi ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ka ìwé mẹ́wàá tí mo sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, èmi ni wọ́n máa ń gbé bírò fún. Akọ̀wé ni gbogbo gáréèjì ń pè mí. Ìyàwó mi náà máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ni.

Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ tún ti ń kó ìbuwọ́lù jọ pé kí ìjọba fi kún eré tí òfin gba bọ́ọ̀sì elérò láyè láti sá lórí márosẹ̀. Ẹ ní kí n wá sọ bí àwa ṣe ja irú ìjà yìí nígbà tiwa. Màá sọ ọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí mo ti fi pamọ́ fún ẹgbẹ́ láti ọjọ́ náà títí di òní. Ẹ máa bá a pàdé níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó bú mi.

Àádọ́rùn-ún kìlómítà láàrin wákàtí kan ni òfin ní kí bọ́ọ̀sì elérò má kọjá. Ọkọ̀ aládàáni lè sá ọgọ́rùn-ún ní tirẹ̀. Ẹ̀wá péré ló wà láàrin wa, ṣùgbọ́n ẹ̀wá yẹn ń dùn wá wọnú egungun. Ọkùnrin kan ṣoṣo á jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọ́fíìsì, òfin á ní kó máa sáré lọ. Àwa tí a kó ènìyàn mẹ́rìnlá, tí gbogbo wọn ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́, òfin á ní ká rọra. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wá gba ẹ̀rọ kan tó rí bí ìbọn, tí wọ́n ń nà án sí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó sì ń sọ iye eré rẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, awakọ̀ mọ́kànlá ló gba ìwé ẹ̀sùn nínú ẹ̀ka wa, Alága wa sì ni àkọ́kọ́.

Alhaji Ṣítù ni Alága náà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan tí ohùn rẹ̀ ń dé òdì kejì títì láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀sùn, ó pe ìpàdé.

"Ọgọ́fà la máa bèèrè," ó ní.

Mo ní, "Alága, kí ló dé tí kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ká kàn bá àwọn aládàáni dọ́gba?"

"Akọ̀wé, ṣé o kì í ra nǹkan lọ́jà ni? Tó o bá bèèrè ọgọ́rùn-ún, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n máa fún ẹ. Kọ ọgọ́fà síbẹ̀ jàre."

Mo kọ ọgọ́fà síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo kọ ọ́ sára pátákó títí ọwọ́ fi ń ro mí. ÀÁDỌ́RÙN-ÚN KÒ TÓ WA. ÈRÒ Ń PẸ́, Ẹ JẸ́ Á SÁRÉ. ỌGỌ́FÀ LA FẸ́. A tilẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láti fi hàn pé a ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Agogo mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án, mo ka bọ́ọ̀sì tó wà ní gáréèjì, mẹ́ta ló kù, ti Alága ò sì sí níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun rí àwọn ará ìjọ kan tí wọ́n ń lọ ṣe àdúrà ní Kámpù, wọ́n pé mẹ́rìnlá géérégé, àánú wọn sì ṣe òun. Bí ìdáṣẹ́sílẹ̀ wa ṣe parí nìyẹn.

Ẹni tó dojú ìjà kọ wa jù lọ ni Màmá Nọ́ọ̀sì. Agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan sí Asese. Ọwọ́ màmá náà mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òdì kejì márosẹ̀ ni ilé ìgbẹ̀bí náà wà, ẹ̀gbẹ́ ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, kò sì sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kankan. Ní gbogbo Ọjọ́rú tí í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ máa rí àwọn aboyún lórí ìlà létí títì, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ikùn mú, wọ́n á fi ọwọ́ kejì mú bàtà, wọ́n á máa wo apá ọ̀tún àti òsì títí wọ́n á fi rí àyè sáré. Àwa awakọ̀ máa ń fọn fèrè fún wọn kíkankíkan. A rò pé ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe.

Àbẹ̀ní ìyàwó mi wà lára wọn. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, àkọ́bí wa sì ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé pátákó wọlé, ó dúró tì í, ó kà á tán, ó wá yíjú sí mi.

"Akọ̀wé," ó ní, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọgọ́fà yìí, ta ló lóyún nínú yín?"

"Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìyẹn o."

"Èmi àti ẹni tó wà nínú mi náà, ẹgbẹ́ ni wá. Àwa méjèèjì ti ṣèpàdé, a ò fọwọ́ sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé pátákó náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ń lọ káàkiri ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ láti gbọ́ èrò àwọn aráàlú lórí ọ̀rọ̀ eré sísá yìí. Wọ́n dé Mowe, wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, gbogbo wa sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá arúgbó kan tí a ń pè ní Ẹnjiníà ló ṣe olórí wọn, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń gbọ́rọ̀ tán kó tó mi orí. Mo dìde, mo ka lẹ́tà wa. Mo kà á dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi. Mo sọ pé awakọ̀ tó mọṣẹ́ ni gbogbo wa, pé a kì í gbé ojú kúrò lára mítà, pé kò sí ewu kankan tí ọgọ́fà máa ṣe tí àádọ́rùn-ún ò ní ṣe. Gáréèjì pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá Nọ́ọ̀sì dìde.

"Akọ̀wé, o káre. Mo gbádùn ìwé tó o kà. Láàárọ̀ yìí tó ò ń ti gáréèjì bọ̀, eélòó ni mítà ọkọ̀ ẹ sọ pé ò ń sá?"

Kí n tó ra bọ́ọ̀sì mi ni mítà rẹ̀ ti kú. Orí òdo ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ sùn sí. Tí a bá ní ká tẹ̀ lé ohun tí mítà náà wí, mi ò tíì kúrò ní gáréèjì láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀. Kàlẹ́ńdà kékeré kan ni mo lẹ̀ bò ó lójú.

Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ẹni tó ń wo mítà nínú wa. Èrò ni mítà wa. Bí èrò bá ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìjọba láàrin ara wọn, ẹ ò tíì kọjá ọgọ́ta. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ẹ ti ń sún mọ́ ọgọ́rin. Bí ìyá kan bá ké láti ẹ̀yìn pé, "Dírẹ́bà, ẹ rọra o, a lọ́mọ nílé," ẹ ti wọ àádọ́rùn-ún. Bí ẹnì kan bá pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ọgọ́rùn-ún ni. Bí Kristẹni àti Mùsùlùmí bá wá ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́fà pé. Ìwọ̀n yìí ò tàn wá jẹ rí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ó sàn ju abẹ́rẹ́ lọ nítorí pé wáyà kankan ò sí nínú rẹ̀ tó lè já. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn níwájú Ẹnjiníà?

Mo wo Alága. Alága ń wo òkè àjà.

Ẹnjiníà gbọ́rọ̀ náà tán, ó mi orí, ó ní kí awakọ̀ tí mítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ na ọwọ́ sókè. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ọwọ́ kan gòkè lẹ́yìn. Awakọ̀ wa kan ni.

"Tèmi ń ṣiṣẹ́, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì wò ó rí."

Kàmórù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ ni gáréèjì ń pè é. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan tó ti òkè òkun dé, ohun gbogbo ara rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó máa ń gbọ́ràn tó o. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe gan-an ló máa ṣe, kò ní yọ nínú rẹ̀, kò ní fi kún un. Nígbà kan, Alága ní kó dúró de òun níwájú ilé epo, Alága gba ibòmíràn lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Alága ń kọjá lọ, ó bá Jẹ́jẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Kò bínú. Ó ní, "Alága, ẹ ti dé?"

Ẹnjiníà ní kó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí bọ́ọ̀sì yẹn gbéra láti Mowe, kó sá àádọ́rùn-ún dé Asese, kó sì dúró sórí ìlà funfun kan tí àwọn máa fà síwájú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà kó padà lọ sá ọgọ́fà, káwọn wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa dá ọkọ̀ yòókù dúró fúngbà díẹ̀.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ fúnra wọn ṣe èrò inú rẹ̀."

"Kí ló burú níbẹ̀?" Alága dáhùn, ó sì nà ró. "Àwa kọ́ la ni ọ̀nà ni?"

Bí ọjọ́ náà ṣe pé, a fi ewé tútù sára bọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, a so pátákó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Alága àti Díákónì, akápò wa, lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá, àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yòókù sì wà láàrin. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ọdún mọ́kànlélógún ni Alhaji Ṣítù ti ń wakọ̀ lórí márosẹ̀ yẹn, kò sì tíì jókòó sí àga ẹ̀yìn rí, ibi tó jẹ́ pé bí táyà bá gun òkúta, orí yín á kan òrùlé.

Kí a tó gbéra, èmi àti Alága wo mítà náà. Nọ́mbà wà nínú rẹ̀ ní ìlà méjì, àwọn ńláńlá funfun wà níta, àwọn wẹ́wẹ́ pupa wà nínú.

Jẹ́jẹ́ bèèrè pé, "Èwo ni kí n máa wò?"

"Ńlá ni," ni Alága wí. "Wọ́n kàn fi kékeré yẹn ṣe ẹwà ni. Àbí kí lo rí sí i, Akọ̀wé?"

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ní, "Ẹwà ni."

"O ti gbọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ kúrò lórí àádọ́rùn-ún. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí o! Bí bàbá mi bá jí látinú sàárè tó ní kó o dín in kù, má dá a lóhùn. Ìgbà tó o bá dé orí ìlà ni kó o tẹ bùréèkì."

"Mo ti gbọ́, Alága."

A gbéra. Inú wa dùn, a ń kọrin ẹgbẹ́. Abẹ́rẹ́ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ewé ara ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí orin fi dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, ọgọ́rin nìyẹn. Díákónì ní, "Jẹ́jẹ́, rọra o, a lọ́mọ nílé." Mo ní, áà, àádọ́rùn-ún ti pé, kí ó dúró síbẹ̀. Kò dúró síbẹ̀. Igi ẹ̀bá títì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn. Díákónì pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, Alága sì ti ń ka kálímà lókè ohùn. Ọgọ́fà ti pé nìyẹn ní ìwọ̀n tiwa, mo wo abẹ́rẹ́, kò tíì dé orí àádọ́rùn-ún!

Ìgbà tó débẹ̀ tán ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀. Alhaji Ṣítù ń ké pé, "Jésù, gbà mí o!" Díákónì di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń ké pé, "Lá iláha! Alhaji, kí ló kù níbẹ̀? Ẹ bá mi parí ẹ̀!" Kò sí nọ́mbà fún irú àdúrà yẹn nínú ìwọ̀n wa.

"Dín in kù!" Alága pariwo. "Jẹ́jẹ́, mo ní kó o dín in kù!"

Jẹ́jẹ́ ò wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, Alága."

"Mo ti yí i padà! Èmi kan náà ni mo sọ ọ́!"

"Ẹ ní tí bàbá yín bá jí pàápàá."

Mo tẹjú mọ́ mítà náà nígbà yẹn, bóyá nítorí pé mi ò fẹ́ wo títì mọ́. Abẹ́rẹ́ wà lórí àádọ́rùn-ún ńlá gan-an, kò sì mì. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, láàrin àwọn wẹ́wẹ́ pupa, mo rí márùndínláàádọ́jọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n kọ lẹ́tà méjì tíntín tó dúró fún kìlómítà sí. Àwọn ńláńlá yẹn, máìlì ni wọ́n ń kà, nítorí pé máìlì ni wọ́n ń lò níbi tí bọ́ọ̀sì ti wá. A ti ju àádọ́rùn-ún lọ, a ti ju ọgọ́fà lọ, a tún ti fi nǹkan tó pọ̀ lé e, a sì ń lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ láti lọ fi hàn wọ́n pé kò séwu.

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Asese ti dé. Mo rí ìlà funfun, mo rí Ẹnjiníà tó ń fi ẹ̀yìn rìn, mo rí àwọn aboyún létí títì. Mo rí Àbẹ̀ní. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè, ó ń juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́. Jẹ́jẹ́ dé orí ìlà, ó tẹ bùréèkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Bùréèkì náà gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò kánjú. A kọjá ìgbìmọ̀, a kọjá àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ti bẹ́ sínú gọ́tà, a kọjá ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tò fún omi. Nígbà tí a dúró, Ibafo là ń wò níwájú.

Alága sọ̀kalẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ Díákónì. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà dé Asese, mo sì tẹ̀ lé e. Kò jẹ́ wọ ọkọ̀ kankan.

Ẹnjiníà ti nu òógùn ojú rẹ̀. "Alága, a ti rí àádọ́rùn-ún," ó ní. "Ṣé kí ẹ padà sí Mowe báyìí, ká wo ọgọ́fà?"

"Ọgọ́fà ti ta?"

"Tiyín ni. Lẹ́tà yín nìyí."

"Akọ̀wé ló kọ ọ́!" Alága ní. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ohun tí òfin gbà wá láyè láti máa sá nìyẹn? Lójoojúmọ́? Kí lẹ wà fún gan-an? Ẹ dín in kù! Àádọ́ta tó wa. Ẹ fún wa ní àádọ́ta!"

Gbogbo gáréèjì tó ń wò wá láti ẹ̀bá títì sì hó yèè, àwọn kan tilẹ̀ ti ya pátákó ọwọ́ wọn sí méjì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àádọ́rùn-ún la sá. Ká ní mo sọ ọ́ ni, Ẹnjiníà á ní ká tún un sá pẹ̀lú nọ́mbà tó tọ́, ara Alága á balẹ̀, ọgọ́fà á sì dà bí ìrìn gbẹ̀fẹ́ lójú ẹni tó ti sá márùndínláàádọ́jọ. Ìjà wa ì bá tún dìde. Mo ti gbé ẹsẹ̀ síwájú láti sọ ọ́ nígbà tí Àbẹ̀ní dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Mo juwọ́ sí yín," ó ní. "Kí n tó gbé ọwọ́ sílẹ̀, ẹ ti dé Ibafo."

"Mo rí ẹ."

"Ṣé ẹ rí i pé mo fẹ́ sọdá? Mo wo ọkọ̀ yẹn lókèèrè, mo ní ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí títì. Ẹ̀ṣọ́ kan ló fà mí níborùn." Ó tún ìborùn rẹ̀ dà bora. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn ju bó ṣe bà mí nínú bọ́ọ̀sì lọ. Mo wá ibi jókòó. Nígbà tí mo dìde, mi ò sọ ọ̀rọ̀ máìlì fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìwé lé orí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ka Mowe gba lẹ́tà rẹ̀ padà, Alága sì fọwọ́ sí i. Ẹnjiníà náà ṣèlérí fún àwọn aboyún pé ìjọba máa ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti wa bọ́ọ̀sì padà wá sí Asese, ó wá bá mi.

"Akọ̀wé, ṣé mo ṣe é dáadáa? Kò kúrò lórí ẹ̀ rárá o."

Mo ní, "O ṣe é dáadáa."

Díákónì ò tíì jáde nínú bọ́ọ̀sì. Màmá Nọ́ọ̀sì ló wọlé lọ bá a láti wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó síwájú fúngbà díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, mo sì rò pé kò sí nǹkan tó fẹ́ sọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Àbẹ̀ní bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí náà, ó bí obìnrin. Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde wá fún mi. Bí mo ṣe tẹ́ ọwọ́ láti gbà á, màmá fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Akọ̀wé, àwọn nọ́mbà pupa wẹ́wẹ́ yẹn, mo rí wọn o."

Ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Màmá, ẹ̀yin náà?"

"Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ka nọ́mbà wẹ́wẹ́ lára ohun tí a fi ń wọn ara gbígbóná. Ṣé tiyín ni màá wá tì?" Ó tẹ ọwọ́ mi wálẹ̀. "Di ọrùn ọmọ mú dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí."

A ò sì sọ ọ́ mọ́ títí màmá fi lọ sí ọ̀run.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí a jèrè. Eré wa ò kúrò lórí àádọ́rùn-ún, ọmọ mi sì ti dàgbà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fi dá yín lójú pé ìgbìmọ̀ yẹn tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé wọn. Alága pàṣẹ pé kí gbogbo wa tún mítà wa ṣe, a sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ìdajì wọn ti kú padà, àwọn èrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe àti àdúrà bá wa kà á. Ohun tí a pàdánù ni Alága. Nígbà ìbò ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e, àwọn alátakò rẹ̀ kàn ń sín ohùn rẹ̀ jẹ ni, "Jésù, gbà mí o," gbogbo ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wọlé.

Èyí ló ń dùn mí. Mo lọ kí i nílé nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, mo ti pinnu pé màá sọ òtítọ́ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Akọ̀wé, àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn ò kúrò lójú mi. Àtìgbà náà ni mo ti ń rọra." Mo pa ẹnu mi dé. Ó kú láìmọ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti fi nọ́mbà tó tọ́ jiyàn, kódà bí iyàn náà ò bá dára. Èmi ni mo gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Mo tọrọ àforíjì lórí dídákẹ́ tí mo dákẹ́. Mi ò tọrọ àforíjì lórí lẹ́tà tí mo gbà padà.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí Ẹnjiníà ṣèlérí fún àwọn aboyún lọ́jọ́ náà kò tíì dé iwájú ilé màmá títí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin sì ṣì ń mú bàtà lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa kọ lẹ́tà sí ìjọba lé lórí, ẹ kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọgọ́fà yín lẹ ṣì fẹ́, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín kọ́kọ́ jókòó sí àga ẹ̀yìn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́ fún awakọ̀. Jẹ́jẹ́ ṣì wà ní Mowe. Ó ṣì ń wakọ̀, ó sì ṣì ń gbọ́ràn.